Igbá Tí Barnabas Gbìn

Àwọn agégi ò tíì dé. Oòrùn ti gun òrùlé Jàrátù aládùúgbò mi, wọn ò tíì dé... Bóyá ayùn wọn ló kú. Bóyá Alhaji Salaudeen tó ra ilẹ̀ mi yí ọkàn padà — irọ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Ìlọrin, tí gbogbo ayé ń sáré wá kọ́lé sí látìgbà tí wọ́n ti dá Kwara sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi igi ṣe?

Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi igbá yìí. Kí wọ́n gé mi mọ́ ọn.

"Ìyá, ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ò yọ igi sílẹ̀." Ẹnu Alhaji ló ti jáde lánàá, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìwé wo? Èmi tí mi ò lè kọ ju orúkọ mi lọ! Ilẹ̀ ni mo tà, kí n lè relé lọ kọ́ yàrá kan. Lọ́dọ̀ wa l'Ómù-Àrán, ta ní í ta ilẹ̀ kó ta igi mọ́ ọn? Ẹni tó gbin igi ló ni ín. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Mo ṣe bí ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀, pé màá máa wá ká igbá mi lọ́dọọdún, kí n fi ṣe irú... Òmùgọ̀ oníṣòwò.

Èmi tí mo ta irú dé Kaduna! Dóńgóyárò kan wà níbẹ̀ létí rélùwéè, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń sá sí bí ariwo bá fẹ́ pa mí. N'Íbàdàn, ọ̀pẹ kan ló dá dúró láàárín páànù, ẹ̀gà kún orí rẹ̀. Àwọn ni mo ń gbọ́ kí n tó gbọ́ mọ́tò. L'Ékòó, ewé pupa igi furúùtù ń já bọ́ sínú irú mi, mi ò ní yọ ọ́. Kí n dé ìlú ńlá báyìí, igi ni mo kọ́kọ́ ń wò kiri. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ló gbìn ín.

Èyí, mo mọ ẹni tó gbìn ín.

Ọdún òmìnira ni. Àwọn èèyàn ń ju àsíá, Barnabas ọkọ mi ń gbẹ́ kòtò. Jàrátù yọjú lórí ògiri: "Baba Onígbàgbọ́, ta ní í gbin igbá? Wọ́n ní ẹni tó bá gbìn ín kì í rí èso rẹ̀. Àbí ẹ̀yin ò ní kú ni?"

"Ìyàwó mi ń ta irú, igbá olóko ló ń rà. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ó sì kú. Kò rí òdòdó rẹ̀. Gbogbo omi tí mo forí pọn, ó ń dà á sídìí igi, èmi ń bú u, òun á ní, "Àyìnkẹ́, má bá igi jà."

Ọdún yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná. Ó pọ́n yòò, ó ń rọ̀ dirodiro...

Màá sọ fún wọn. Ẹ pe àgbà Òmù-Àrán yòówù, ẹ bi í, ẹni tó gbin igi —

Ẹni tó gbin igi.

Mi ò bímọ fún un. Obì rẹ̀ tó wà lóko, Jòhánù àbúrò rẹ̀ ti ká a kí n tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Mi ò jà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọn kì í pín igi ọkọ fún opó. Ti Jòhánù ni igbá yìí. Látilẹ̀ ló ti jẹ́ tirẹ̀.

Ilẹ̀ ni tèmi. Owó irú mi ni mo fi rà á. Òun ni mo tà.

Lọ́rì kan ń kùn bọ̀ lókè ibẹ̀ yẹn. Oòrùn ti ń jó mi lẹ́sẹ̀; òjìji igi ti rìn lọ sára ògiri Jàrátù. Mo fa ẹní tẹ̀lé e, bí mo ṣe ń ṣe lábẹ́ igi onígi.