Igun Tí Kò Sí Nínú Kọ̀ǹpútà

Táńkì ti sán, omi sì ń jò lọ. Gbogbo ìyá ẹja tí Bàbá Ẹlẹ́ja fi ń bí ọmọ ẹja ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kú, oko rẹ̀ parí nìyẹn. Àwọ̀n ló fi kó wọn lẹ́ẹ̀kan rí, ìdajì wọn ló kú. Ìdí nìyí tí ọmọ àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò, fi ṣe ìṣirò agbo ẹja sínú kọ̀ǹpútà. Òfin tó fún ẹja kọ̀ọ̀kan ò ju mẹ́ta lọ: má kọlu ẹnìkejì rẹ, má jìnnà sí i, ibi tó bá kọrí sí ni kí o kọrí sí. Ìṣirò ní bí wọ́n bá rọra fa ọ̀rá tapólì lọ lórí omi, agbo á tẹ̀lé òjìji rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà bọ́ sí táńkì tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹja wo ló ń gbọ́ ìṣirò?" Ìyàwó Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àfi kó o kúkú pè wọ́n lórúkọ."

Oníṣirò nawọ́ mú etí tapólì.

Wọ́n fa tapólì. Agbo ẹja ṣù pọ̀ bí ìkùukùu, ó ń bọ̀. Ẹ̀rín yọ lẹ́nu Bàbá. Àfi bí agbo ṣe yẹ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, tó ki orí bọ igun táńkì. Àwọn tó wà níwájú gbá ògiri, àwọn ẹ̀yìn ò dúró. Omi ń hó. Ikùn funfun kan léfòó, òmíràn tún tẹ̀lé e.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti pa mí!" Bàbá ki àwọ̀n mọ́lẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà wá sí Oníṣirò lọ́kàn. Níbẹ̀, ẹja tó bá jáde lọ́tùn-ún, òsì ló ń gbà wọlé padà. Kí iṣẹ́ lè yá ló ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹja inú kọ̀ǹpútà ò pàdé ògiri rí, áḿbọ̀sì igun.

"Ẹ má jù ú, Bàbá! Bí ẹ̀rù bá tún bà wọ́n, wọ́n á túbọ̀ fún pọ̀ ni."

"Ta lò ń pariwo mọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," Ìyàwó Bàbá dá sí i. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Oníṣirò ti fa ẹní ọ̀rá tí wọ́n dúró lé, ó bẹ́ sómi. Ó ń tì í bọ àárín ẹja àti ògiri, títí ó fi tẹ̀ bí ọrun dí igun náà. "Bàbá, ẹ di etí kejì mú!"

Bàbá dì í mú.

Ẹja kan yọ̀ lára ẹní, ó yí orí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí. Lójijì gbogbo agbo yí padà bí aṣọ tí atẹ́gùn gbá, ó tọ ògiri lọ, ó sì wọ ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ń ṣa òkú ẹja. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Èmi ni mo pa wọ́n, Bàbá."

Bàbá ká ẹní náà, ó fi há Oníṣirò lábíyá.

"Táńkì tí àwọn ọmọ ẹja wà náà ti ń sán," ó ní. "Igun mẹ́rin ló ní o. Lọ kọ́ àwọn igun náà sínú ẹ̀rọ rẹ ká tó dé ibẹ̀."