Ohùn Tí Ìbọn Tuntun Ń Lò

1.

…tí wọ́n bá sì ti gbọ́ ohùn mi lórí rédíò, wọ́n á gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n á wo ojú ara wọn.

Ta ló kú?

Èmi nìyẹn, Alhaja Mìsítúrà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ka ìkéde òkú lórí rédíò àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Bí ẹ bá jẹ́ mùsùlùmí, tí ẹ sì kú láàrin Deptford àti Brixton, ẹnu mi lẹ máa gbà kọjá.

Mi ò fi ṣe fáàrí.

Mo ń fi ṣe fáàrí díẹ̀.


2. IṢẸ́ TÍ BETHANY FI RÁNṢẸ́

(Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Èmi ni mo yí i padà, mo sì yọ àwọn àwòrán ẹ̀rín kúrò nínú rẹ̀, torí wọ́n pọ̀ jù.)

Alhaja ọ̀wọ́n,
Ilé iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ ni wá, ní Tower Bridge Road. Oníbàárà wa kan lókè òkun ń ta irinṣẹ́ ààbò fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń wá ohùn obìnrin àgbà tí àwọn èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé. A gbọ́ yín lórí rédíò. A ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dùn gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa ń sọ níbẹ̀?

Mo dá a lóhùn pé ìkéde ni.

Irọ́ kọ́ ni mo pa.


3.

Irinṣẹ́ ààbò. Mo rò pé kámẹ́rà ni, tàbí àgádágodo. Nígbà tí mo fi rí i pé ìbọn ni, mo ti wọ bọ́ọ̀sì 78 dé Bermondsey, mo ti lo ìborùn mi tó dára jù, wọ́n sì ti pè mí ní "the talent" lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn wo ló máa padà sílé lẹ́yìn ìyẹn?


4. OHUN TÍ WỌ́N NÍ KÍ N KÀ

CORVANE S9. ÌBỌN ÌLÉWỌ́ TUNTUN.
Kò ní òòlù lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tó ń gbá ọta wà nínú rẹ̀.
Ìfà kan, ọta kan. Ó ń gbé òmíràn sẹ́nu fúnra rẹ̀.
Ike líle ni ara rẹ̀. Kò wúwo. Kì í dípẹtà.
Kò sí bọ́tìnì ààbò tí ẹ máa fọwọ́ wá kiri: ara tírígà ni ààbò rẹ̀ wà.
Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.
[ẹ ka ìlà yìí pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́]

Mo béèrè lọ́wọ́ Bethany bóyá ìlà tó kẹ́yìn yẹn kan ìbọn yìí nìkan, àbí ó kan gbogbo nǹkan tó ń pa èèyàn láyé. Ó ní ìbéèrè tó dára ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.


5. ILÉ AGBOHÙNSÍLẸ̀

(Ọpẹ́yẹmí ló ń tẹ ẹ̀rọ. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ Bermondsey ló ní.)

ỌPẸ́YẸMÍ: Mummy, ẹ kú iṣẹ́ ma. It's sick, I swear, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ó dà bí pé ẹnì kan kú.
ÈMI: Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.
ỌPẸ́YẸMÍ: Ṣé ẹ lè smile díẹ̀?
ÈMI: Ọpẹ́yẹmí, ìbọn ni mo ń kà. Kí ni kí n máa rẹ́rìn-ín sí?
BETHANY (lẹ́yìn gíláàsì): What did she say?
ỌPẸ́YẸMÍ: She's getting into it.
(Ó yíjú padà sí mi.)
ỌPẸ́YẸMÍ: Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ tún "Corvane" yẹn pè. Slow. Bí ẹ ṣe máa ń pe orúkọ àwọn èèyàn lórí rédíò.
ÈMI: Orúkọ òkú ni mo máa ń pè bẹ́ẹ̀.
ỌPẸ́YẸMÍ: Yeah. That one, ma. Ìyẹn gan-an.

Mo pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí kò kan ìbọn rárá. Òjò ń rọ̀. Ọmọ ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bethany ní ẹ̀rọ kan ló fẹ́ kọ́ ohùn mi. Mo kà á títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọ́n fún mi ní tíì àti bísíkíìtì. Mi ò gbádùn ọjọ́ náà rárá.


6.

Mo gbádùn rẹ̀.


7. ÈSÌ ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ GBỌ́ Ọ

(Pápá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ṣọ́, nílẹ̀ Yorùbá. Mi ò sí níbẹ̀. Bethany ló fi èsì wọn ránṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní.)

Ẹ̀ṣọ́ kan: Ta ló kú?

Ẹ̀ṣọ́ mìíràn: Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ fìlà.

Ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀: Bí kò bá ní òòlù lẹ́yìn, báwo ni mo ṣe máa fojú rí i pé ó ti kẹ́? Màmá yẹn ò sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ̀ṣọ́ kan tó jókòó lẹ́yìn: Mo gbé ìbọn náà sílẹ̀. Mo lọ fọ ọwọ́ mi.

Bethany kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Oníbàárà wa ń yọ̀! Ẹ wo ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún un! Ẹ wo bí kò ṣe sẹ́ni tó fi ṣeré! Ìbuwọ́lù yín nìkan ló kù, ká gbé e jáde.

Mo ní màá buwọ́ lù ú lọ́la.


8. ÌKÉDE LÁRA ILẸ̀KÙN RÉDÍÒ WA

Ẹ MÁ ṢE GBÉ OÚNJẸ WỌLÉ
Ẹ PA FÓÒNÙ YÍN
Ẹ TI ILẸ̀KÙN JẸ́JẸ́

(Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀:)
ẹni tó bá rí ìbọn Alhaja, kó gbé e fún wọn, ẹ ṣeun


9.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ló fi ohùn ìbọn náà sórí WhatsApp. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Kí n tó jí, ó ti dé ọjà Rye Lane.

Ẹni tó ń ta ẹja: Alhaja Oníbọn, ẹ kú ogun o!

Obìnrin tó ń dirun: Alhaja, ẹ bá mi fi ohùn yẹn lé landlord mi jáde.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ta ìbọn, kò yẹ kó máa bínú sí àpárá.


10. JÍMỌ̀

Mo ka ìkéde Bàbá Làtíìfù, onísọ̀ aṣọ ní Deptford, àgbà tó dàgbà, tó darúgbó, tó sùn tí kò jí. Mo pe orúkọ wọn, mo dúró. Mo wo ibi tí àwọn olùgbọ́ ti ń kọ̀wé wọlé.

😂😂
Ìfà kan, ọta kan
Ẹ má bínú o, mo rò pé adverts ni
Ṣé ìbọn yẹn ló pa bàbá ni?
😂

Ó dùn mí. Ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Ọmọ Bàbá Làtíìfù ń gbọ́ rédíò náà pẹ̀lú àlejò nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó gbé ṣíbí sílẹ̀. Èèyàn lè pàdánù iṣẹ́ láì sí ẹni tó lé e kúrò. Mo ka àdúrà tó kù, mo sì wọ bàtà mi.


11. ÌKÉDE KAN TÍ MO KÀ LỌ́DÚN MÉJÌ SẸ́YÌN

Inná lilláhi wa inná ilaihi rájiúúnà. Pẹ̀lú ìtẹríba fún àṣẹ Ọlọ́hun, a kéde ikú òjijì tó pa ọmọ wa, Basit, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ Àìṣát, ti ọ̀nà Queens Road. Wọn yóò kírun sí i lára lónìí ní mọ́sáláṣí wa. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ohun tí mi ò kà: ìbọn ìléwọ́ ni, ní ìlú tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ní in nílé.

Ẹbí ló ní kí n má kà á. "Ikú òjijì" ni mo pè é.


12. OHÙN ÀÌṢÁT, LÓRÍ FÓÒNÙ MI

Mummy, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ma. Mi ò pè láti bá yín jà o, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ló fi nǹkan yẹn ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Ó ní, "ṣé kì í ṣe Alhaja yín nìyí?" Mo ní àwọn ni.

Ẹ mọ̀ pé ìkéde Basit ṣì wà lórí phone mi. Tí mo bá ń lọ sí shift, mo máa ń gbọ́ ọ nínú bus. Torí, Mummy, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti pe orúkọ ẹ̀ dáadáa. Ní court, "the deceased" ni wọ́n ń pè é. Police, "the male". Ẹ̀yin pe Basit, ẹ wá dúró díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá tẹ́ ọmọ tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

(Mo ń gbọ́ bọ́ọ̀sì.)

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe pe ìbọn yẹn. Ẹ pè é, ẹ wá dúró.

Mi ò lè gbọ́ tèmi mọ́, ma. Tí mo bá play ẹ̀, ìbọn ni mo ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún Basit kà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohùn yẹn kà á. Ẹ fi òmíràn kà á.


13. ÌGBÌYÀNJÚ

(Kíṣìnnì mi. Fóònù fara ti kẹ́tù.)

Àkọ́kọ́: ohùn ìkéde ló jáde.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dà bí pé mo ń tà á.

Mo yára kà á. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ bus stop.

Mo fi ohùn nọ́ọ̀sì kà á. Àṣé ohùn nọ́ọ̀sì náà ni ohùn ìkéde. Wọ́ọ̀dù ni mo ti kọ́ ọ, níwájú àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn ò ní padà sílé: ẹ jókòó ná, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti lò ó pẹ́ débi pé mo fi ń ra tòmátì.

Mo sunkún kà á. Mo pa ìyẹn rẹ́.


14.

Mi ò ní ohùn mìíràn.


15. ÌPÈ

ÈMI: Ọpẹ́yẹmí, sọ fún Bethany pé mi ò buwọ́ lu nǹkan kan. Kí wọ́n pa gbogbo ohùn mi rẹ́.
ỌPẸ́YẸMÍ: Gbogbo ẹ̀, ma? Àti warm?
ÈMI: Kí ni warm?
ỌPẸ́YẸMÍ: Machine yẹn, ma. Ó ti kọ́ ohùn yín, so ó lè ṣe oríṣiríṣi. Ó ṣe kan tó cold, ó ṣe kan tó warm, tó lọ́yàyà. Client ò fẹ́ warm, though. Wọ́n ní kò bá ìbọn mu. Wait, ẹ gbọ́.

(Ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ.)

OHÙN KAN: Òjò ń rọ̀. Ọmọ ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.
ÈMI: Ta nìyẹn?
ỌPẸ́YẸMÍ: Ẹ̀yin ni, Mummy.
ÈMI: Jẹ́ kí n tún un gbọ́.


16.

Obìnrin tí kò tíì kéde òkú kankan rí ni. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì dà bí pé oúnjẹ ló fẹ́ bù fún wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ọkọ mi ì bá mọ̀, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Mo jowú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jowú ẹ̀rọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ Basit fún Ọpẹ́yẹmí, mo ní kó béèrè bóyá ohùn yẹn lè kà á.


17. ÈSÌ BETHANY

Alhaja ọ̀wọ́n,
Ọpẹ́yẹmí ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún wa. Ó ká wa lára gan-an, ó sì ká oníbàárà wa náà lára.
Ti ilé iṣẹ́ oníbọn ni ohùn warm. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá buwọ́ lu ìpolówó náà, inú wọn á dùn láti jẹ́ kí ẹ̀rọ fi warm ka ìkéde ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́, láti fi bá ẹbí kẹ́dùn.
Bí ẹ ò bá buwọ́ lù ú, a óò pa gbogbo ohùn náà rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́. Warm náà á lọ.

☐ MO GBÀ
☐ MI Ò GBÀ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ náà bí ẹ ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ pè é: ______________


18.

Mo kọ orúkọ náà.

Mi ò tíì mú ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bí mo bá gbà, gbogbo ẹ̀ṣọ́ á máa gbọ́ mi pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ìyá kan á sì gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bí mi ò bá gbà, ọwọ́ mi mọ́, ìyá yẹn á sì jókòó sínú bọ́ọ̀sì lásán. Mo bínú sí Bethany. Mo bínú sí oníbọn. Àìṣát nìkan ni mi ò rí nǹkan kan bínú sí, òun sì ni mo pè.


19. ÌPÈ

ÀÌṢÁT: Mummy.
ÈMI: Àìṣát, mo ti rí ohùn kan tó lè ka Basit.
ÀÌṢÁT: Alhamdulilláhi. Ohùn ta ni, ma?
ÈMI: Tèmi ni.
ÀÌṢÁT: Ẹ ṣé, ma. Ẹ ṣé gan-an. So, ẹ̀yin lẹ máa kà á?
ÈMI: Rárá.
ÀÌṢÁT: Mi ò understand, ma. Ta ló máa pe ọmọ mi nígbà náà?
ÈMI: Ẹ̀rọ àwọn oníbọn ni, Àìṣát.