Ẹyẹ Tí Kì Í Jẹ Ọsàn

Bí ọ̀gìnnìtìn bá ti wọlé sí àfonífojì Tanba ní ilẹ̀ Japan, tí yìnyín bo orí òkè, àwọn ẹyẹ kéékèèké a di oníbàárà ẹ̀yìnkùlé Sadae. Kí obìnrin náà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n á ti tò sórí igi ume, igi eléso tó máa ń tanná kí òtútù tó tán, bí àwọn tó wá gba owó ìfẹ̀yìntì.

Sadae ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Ó mọ èyí tí ìlà dúdú gùn láti ọrùn rẹ̀ dé ikùn bí ẹni so táì. Ẹ̀pà ni ti ìyẹn. Ó mọ ológoṣẹ́, tí kì í kọ ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó mọ hiyodori, aláwọ̀ eérú tí irun orí rẹ̀ rí wúruwùru, ọ̀jẹun tó máa ń lé gbogbo àwọn yòókù kúrò nídìí oúnjẹ. Sálúbàtà ló máa ń sọ lu ìyẹn. Ṣùgbọ́n ààyò rẹ̀ ni ẹyẹ kan báyìí, aláwọ̀ ewé, tí funfun yí ojú rẹ̀ ká bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ń la ọsàn sí méjì, tó ń fi í há ẹ̀ka igi. Uguisu ló ń pè é. Láti kékeré ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ta kò ó, nítorí ohun tí gbogbo àdúgbò ń pè é náà nìyẹn. Uguisu ni ẹyẹ tí orin rẹ̀ ń kéde pé òtútù ti tán; bí a bá sì rí ẹyẹ tútù bí ewé láàárín òdòdó ume, ta ni yóò sọ pé òun kọ́?

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ bíbọ́ ti kúrò ní eré, nítorí Màmá.

Kikuno, ìyá Sadae, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọkàn rẹ̀ sì ti padà sí ayé àtijọ́. Jukichi ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n lójú Màmá, ó ṣì wà ní Nada létí òkun, nílé ìpọntí. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àfonífojì náà máa ń lọ pọn ọtí ìrẹsì bí wọ́n bá ti kórè tán, òtútù á sì tán kí wọ́n tó padà. Àmì kan ni Jukichi máa ń fi sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ kan ṣoṣo tó bí: "Ọjọ́ tí uguisu bá kọ́kọ́ kọrin lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé omi kaná. Mo ti wà lọ́nà." Kì í sì í pẹ́ tí yóò fi dé lóòótọ́. Yóò wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀ onígi kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kàn án, nítorí omi kan náà ni gbogbo ilé ń wọ̀ tẹ̀lé ara wọn, baba ilé ló sì ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ohun tó wá bí wàhálà nìyí. Láti ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́, Màmá kò wọ omi mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi ti gbóná."

"Bàbá ẹ ti dé?"

"Ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ ná. Ara yín ti tutù jù."

"Kí n wọ omi ṣáájú ọkọ mi? Ta ló kọ́ ẹ nírú ìwà yẹn? Ṣé uguisu ti kọrin?"

"Rárá, Màmá."

"Kí lo wá ń yọ mí lẹ́nu sí? Lọ paná."

Sadae a fi aṣọ gbígbóná nu ún lára. Ní gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kan egungun èjìká ìyá rẹ̀, ẹ̀rù a bà á. Kò sí ohun tí Màmá fẹ́ràn láyé rẹ̀ tó omi gbígbóná, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀gìnnìtìn yìí jẹ́ èyí tó máa kẹ́yìn fún un. Ṣé kó wá lọ láìgbọ́ orin náà, pẹ̀lú òtútù lára? Nítorí náà ni Sadae ṣe ń bọ́ ẹyẹ aláwọ̀ ewé rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ abiyamọ. Ó rò pé bó bá yó, yóò tètè kọrin.

Bó ṣe rò ó nígbà èwe nìyẹn. Ó máa ń da garawa dé, á gun orí rẹ̀, á fi ìka tí òtútù ti mú wú há ọsàn mọ́ ẹ̀ka, á sì máa bẹ ẹyẹ náà: "Jẹun, kọrin, kí bàbá mi lè wálé." Títí di òní, bó bá gbọ́ òórùn èèpo ọsàn nínú òtútù, bàbá rẹ̀ ló ń rí lẹ́nu ọ̀nà, tí òórùn ìrẹsì sísè ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, tí ìdì gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí sì wà lábíyá rẹ̀. Wọ́n á yan án lórí ẹyín iná, wọ́n á bu ṣúgà sí i, Màmá á ní kí Sadae má jẹ púpọ̀ kí ọtí má baà pa á. Ó máa ń jẹ ẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ ọ́.

Nígbà ìkórè tó kọjá, kí Màmá lè máa rí igi ume láti ibi tó ń jókòó, Sadae ti ní kí Iwao bá òun gé igbó ọparun kéékèèké tó yí i ká. Aládùúgbò wọn ni Iwao, opó ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó gé èyí tó pọ̀ jù, ó ku igun kan. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ díẹ̀, tí òdòdó ume ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ó gbé ẹ̀rọ ìgégbó rẹ̀ dé láti parí iṣẹ́. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi kúbùsù bora.

"Àǹtí Sadae, ẹ tún ń pín ọsàn fún àwọn ọ̀lẹ yìí? Èmi tí mo ṣiṣẹ́, ẹ ò fún mi ní ẹyọ kan."

"Kọrin ná, Iwao, kí n mọ̀ bóyá o yẹ lẹ́ni tí à ń bọ́."

"Tí mo bá kọrin, gbogbo ẹyẹ Tanba á kó lọ sí Kyoto."

Ó tẹ̀ síwájú láti tan ẹ̀rọ náà. Ni ohùn kékeré kan bá dún nínú igun igbó tó kù: ṣà, ṣà, ṣà. Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Iwao ọmọ alágbẹ̀dẹ, dúró. Ó ń pòṣé sí ẹ."

"Ta ló ń pòṣé, Màmá?"

"Uguisu. Ṣé o fẹ́ wólé lé e lórí ni?"

Sadae na ọwọ́ sí igi ume. "Màmá, uguisu rèé, ó ń jẹ ọsàn."

Màmá wo ẹyẹ náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé náà.

"Mejiro nìyẹn. Èyí tó ń jẹ ọsàn ò lè kọ orin yẹn, èyí tó ń kọ ọ́ kì í jẹ ọsàn ẹ. Kòkòrò ló ń ṣà jẹ nínú igbó, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti erùpẹ̀. Tí òtútù bá wà, òṣé nìkan ló ń pa. Bàbá ẹ ló fi hàn mí lọ́dún tí mo wọlé ọkọ."

"Ẹ mọ̀, Màmá? Ẹ mọ̀, ẹ wá ń wò mí níran láti kékeré?"

"Mo fẹ́ sọ. Bàbá ẹ ló ní n fi ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ lọ lo máa ń dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wàá sunkún débi pé wàá bì. Ọdún tó o bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹyẹ, o ò sunkún mọ́. O ní o ti rí iṣẹ́ tó o máa fi mú un wálé."

Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n èyí ti pẹ́ níkùn jù. Sadae wo inú igbó, ó sì rí i lóòótọ́: ẹyẹ kékeré aláwọ̀ erùpẹ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì, ń fò láti ìdí ọparun kan sí ìkejì. Gbogbo bó ṣe ń bẹ ẹyẹ kan kó kọrin, ilé ẹni tó ni orin ló ń wó. Ó dùn ún wọra.

Nígbà tó yíjú padà, ojú Màmá ti ṣú. "Ṣé bàbá ẹ ti dé?" ni ó bi í.

Iwao gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn ọparun tó ti gé jọ sí ẹ̀yìn ahéré padà, ó ń kó wọn jọ gègèrè yí igun náà ká. "Mo gé e tán, mo tún ń dá a padà," ó ń kùn. "Tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní orí mi ti dàrú." Sadae bá a wọ́ ọ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Kò dá ọsàn dúró, torí mejiro kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, igbó ló ń tẹ́tí sí.

Òdòdó ume ti ń rẹ̀ dànù kí Sadae tó gbọ́ orin náà. Ó ń fọ ìrẹsì lọ́wọ́ láàárọ̀. "Hoo... kekyo." Ó dákẹ́. "Hoo... hoke..." Ẹyẹ tí kò tíì mọ orin náà kọ dáadáa ni, ó ń kọ́ ọ bí ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Sadae sáré wọ yàrá Màmá, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá ti jókòó sórí ibùsùn.

"Gbé omi kaná," ni ó wí.

Omi hó, òórùn igi kún ilé ìwẹ̀. Sadae gbé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ rẹ̀. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀nà rẹ̀ jìn."

Sadae kò jiyàn. Ó pa ilẹ̀kùn náà dé, ó fi kúbùsù bo ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èjìká kan èjìká. Wọ́n dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin tó rẹ̀ lè fi wẹ̀. Èéfín omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí wọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, ẹyẹ náà tún gbìyànjú, ó tún ṣì í kọ.

"Ó ti jáde?" Màmá béèrè.

"Ó ti jáde, Màmá," ni Sadae wí. "Ó ní omi náà dára, kí ẹ tètè wọ̀ ọ́ kó tó tutù."

Màmá bọ́ kúbùsù náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì nawọ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé òun dìde.