Wáífáì Yàrá Màmá

"Deborah, ojú ẹ̀ ti dúró! Wá wò ó!"

Màmá Adéòkè ń gbọn fóònù bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn ìgò oògùn. Stephen ló wà lójú fóònù náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò mira mọ́. Àmì róbótó kan ń yí níwájú orí rẹ̀. Deborah sáré wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, irú ìgbà wo nìyí! Stephen, àbúrò Deborah, wà nílùú Òyìnbó, òní gan-an ni wọ́n sì ń sọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórúkọ. Nínú ẹbí wọn, ìyá bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Màmá Adéòkè, ìyá bàbá ọmọ náà rèé, ó ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò lórí ibùsùn. Yàrá ẹ̀yìn ló dùbúlẹ̀ sí. Wáífáì ilé, pálọ̀ nìkan ló mọ̀. Òkúta ni Bàbá Bámiṣayé, ọkọ Màmá, fi kọ́ ilé náà sí àdúgbò Felele nígbà tí owó iṣẹ́ ìjọba ṣì jẹ́ owó. Bí wọ́n bá pè ọ́ láti pálọ̀, o lè má gbọ́ ní yàrá.

Ìdí nìyẹn tí Deborah fi ránṣẹ́ pe Màrdíyà lánàá, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ń ta fóònù nínú ìlú, tó sì ń bá èèyàn to nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àpótí kéékèèké mẹ́ta ló gbé wá. Ó fi ọ̀kan sí pálọ̀, ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá.

"Àǹtí, ẹ wò ó," ó ní. "Ti pálọ̀ á ju Wáífáì sí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gbà á, á jù ú sí ti Màmá. Wọ́n ń nawọ́ síra wọn ni."

Lánàá náà, Màmá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń yán lápá ìyá rẹ̀. Inú Deborah dùn débi pé kò rántí oúnjẹ. Kí ló wá dé báyìí? Ó fi fóònù kejì pe Màrdíyà.

"Ṣé iná àwọn àpótí náà ń tàn?" Màrdíyà bi í.

"Ti ẹnu ọ̀nà ń tàn, àmọ́ pupa ló ń tàn."

"Kò rí ẹni tó ń ju nǹkan sí i nìyẹn. Ẹ lọ wo ti ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Deborah sáré lọ. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n ti pa súwíìsì rẹ̀ lára ògiri.

"Ta ló pa eléyìí?"

"Èmi ni." Bàbá Bámiṣayé ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sáré lọ ra oyin ìsọmọlórúkọ tí wọ́n gbàgbé. "Mo fẹ́ jáde ni. Ṣé kí iná ga lójijì kó jó o ni? Àbí o ti gbàgbé ohun tó ṣe fìríìjì wa?"

Ẹ má bínú sí bàbá. Ta ni nínú wa tí kì í pa súwíìsì kó tó jáde? Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n wọn pẹ́ láyé.

"Bàbá! Wáífáì tó ń lọ sọ́dọ̀ Màmá lẹ pa! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o!"

"Yéè! Mo gbé!" Bàbá fúnra rẹ̀ ló sáré tan súwíìsì náà. Àpótí ọ̀hún ń ṣẹ́jú, kò tíì jí dáadáa. Deborah sáré lọ sí pálọ̀, ó fi fóònù kejì pe Stephen níbẹ̀.

"Àǹtí mi, Pásítọ̀ ní àkókò ń lọ. Wọ́n ní kí àwọn fúnra wọn pe orúkọ ọmọ."

"Stephen, mo bẹ̀ ọ́! Màmá ń bọ̀!"

"Kò sẹ́ni tó máa pè é ṣáájú Màmá," Stephen ní. "Wọ́n á máa kọrin ná."

Wọ́n kọrin kan tán, wọ́n mú òmíràn. Deborah ń jó ijó àìfararọ láàárín pálọ̀, àfi bí ohùn Màmá ṣe dún láti yàrá ẹ̀yìn: "Stephen! Mo ti ń rí ọ o!"

Deborah kúnlẹ̀ síbi tó wà. "Olúwa, o ṣeun. Màrdíyà, wàá rẹ́ni bá ọ ṣe!"

Ìgbà tó fi máa dé yàrá, Màmá ti ń pe orúkọ náà. "Ọlájùmọ̀kẹ́!" Àwọn tó wà lọ́hùn-ún gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ọlájùmọ̀kẹ́!" Ẹni tí wọ́n gbé wọlé iṣẹ́ abẹ tí gbogbo ilé ń sunkún, òun ló pe ọmọ lórúkọ. Ìyá mà tó dúpẹ́ o.

Bàbá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò wọlé.

"Bàbá Deborah, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" Màmá béèrè. "Ẹ wá fọ́mọ lórúkọ tiyín."

"Ẹ máa bá a lọ. Mo ti ba nǹkan jẹ́ tó."

"Ẹ wọlé jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi ṣíbí fún mi lóúnjẹ látọjọ́ tí mo ti ṣubú, ṣé torí súwíìsì ni mo máa fi gbàgbé yín?"

Bàbá wọlé, ó jókòó sétí ibùsùn. Ó ní orúkọ gígùn kan tó ti ń dá pè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àwọn baba rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, orúkọ náà ò jáde.

"Modúpẹ́," ó ní. "Ẹ máa pè é ní Modúpẹ́."

"Bàbá, ẹ tún un sọ," Stephen ní. "A ò gbọ́ yín dáadáa."

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Bàbá ló ń sunkún.