Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Kọ̀yìn sí Ìyàwó

Ìyàwó tó bá fẹ́ sáré ní Ọjà'ba, kó yáa mọ̀ pé ọkọ pọ̀ lójú ọ̀nà. Hikmat mọ èyí tipẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo wọn ni yóò jí wá jókòó síta láàárọ̀ Sátidé yẹn.

Télọ̀ ni Hikmat. Ilé Sàláúdéènì ló ti ń ṣaya, ilé àtijọ́ kan tí ojúde rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà gan-an lẹ́yìn Ọjà'ba. Ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja Kúbúrá, kò kọ́kọ́ gba ti eré yìí rárá.

"Eré wo? Ta ló ń lé ọ?"

Hikmat kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ àwọn ni, ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi ti Bẹẹrẹ. Àwọn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, àwọn á bọ́ sórí básíkùlù, àwọn á wá fẹsẹ̀ sáré parí ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsinmi.

"Láìsinmi? Ṣé ẹ ṣẹ ọba ni?" Alhaja mi orí títí. "Ó dáa, máa lọ. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ládùúgbò yìí láé pé ìyàwó Kúbúrá sáré kọjá àgbà láìkí."

"Ìńṣá Àlláhù, Màmá, wọn ò ní í sọ ọ́."

Ẹnu ò wúwo láti fi ṣèlérí. Ẹsẹ̀ tó máa rù ú dé ilé ló mọ bó ṣe wúwo tó.

Mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá. Àwọn méjì tó kù nínú ti Hikmat ni Ishaq, wẹ́ídà tó ń fi irin àlòkù kan básíkùlù fún gbogbo wọn, àti Mojísọ́lá, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé. Mojísọ́lá ló kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. "Wòlíì wa ní kí n ṣọ́ra fún omi," ló máa ń wí, "mo ní omi ni kó ṣọ́ra fún mi." Hikmat fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó bo ọrùn, ó bo kókósẹ̀, ó ní ìborí tó mọ́ orí dáadáa. Nígbà tí Mojísọ́lá rí i pé òtútù ò mú ọ̀rẹ́ òun, òun náà ní kí ó rán ọ̀kan fún òun.

Òfin eré náà rèé, òun ló sì ń kó Hikmat lọ́kàn sókè. Wọn kì í wo ẹni tó ṣíwájú. Ẹni tó kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wò. Ẹgbẹ́ tí ẹni ẹ̀yìn wọn bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn lókè Mápó, àwọn ló ni kọ́ọ̀pù. Ọdún méjì léraléra ni ẹgbẹ́ Yemetu ti gbé e lọ, ọdún méjèèjì ló sì jẹ́ pé Hikmat ni wọ́n dúró dè títí. Ishaq ò bá a wí. Mojísọ́lá ò bá a wí. Àìbáwí yẹn gan-an ló ń dùn ún. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

Lọ́dún yìí, omi gbà á. Nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó ń yọ́ lọ bí ẹja. Orí básíkùlù tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Mápó, ó wẹ̀yìn, kò rí Ọmọ́tọ́lá, ẹni ẹ̀yìn ti Yemetu. Ìsáré ló kù, ìyípo méjì: wọn á gba Ọjà'ba, wọn á dé Pópó Yemọja, wọn á gba ọ̀nà mìíràn padà sísàlẹ̀ òkè. Lẹ́yìn ìkejì, wọn á gun òkè lọ bá okùn.

Hikmat ṣẹ́rí wọ ojúde ilé Sàláúdéènì. Yéè! Wọ́n ti to bẹ́ǹṣì. Gbogbo ẹbí ló jókòó, aládùúgbò pẹ̀lú.

Bàbá Zakariyya, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga tó ń pè ní Agúntáṣọọ́lò nítorí pé ìyàwó kì í pe orúkọ, ló wà níwájú. Hikmat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Agúntáṣọọ́lò."

"Káàárọ̀, ìyàwó wa. Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ ńkọ́? Aṣọ tí ò ń rán ńkọ́?"

Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀ fún Ìyá Àṣàkẹ́, tó ń pè ní Eyínfúnjowó. Ìyẹn tún bẹ̀rẹ̀ àdúà, àdúà rẹ̀ kì í sì kúrú. Ó dìde, ó kúnlẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀. Muslimat kékeré na ọrùn láti ẹ̀yìn: "Èmi náà, ọkọ yín ni mí o!"

Mojísọ́lá ló kọjá, òun ti wà nínú ìyípo kejì. "Hikmat! Ṣé wálímà lo wá ni? Dìde!"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọmọ́tọ́lá kọjá, wẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà! Hikmat, bá mi kí wọn dáadáa o!"

Alhaja Kúbúrá ló kẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì. "Ọmọ ta nìyẹn?"

"Ará Yemetu ni, Màmá. Tó bá ṣáájú mi dé òkè Mápó, àwọn ló ni kọ́ọ̀pù."

"Kí lo wá ń kúnlẹ̀ síbí fún?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní..."

Alhaja wo ọ̀nà tí Ọmọ́tọ́lá gbà lọ. "Ṣé o ṣì máa gba ibí padà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i, Màmá."

"Máa lọ."

Hikmat sáré dé Pópó Yemọja, ó padà dé ìsàlẹ̀ òkè, ó bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì. Ó ń rí ẹ̀yìn Ọmọ́tọ́lá lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń ronú bẹ́ǹṣì yẹn. Tó bá kúnlẹ̀, kọ́ọ̀pù lọ. Tí kò bá kúnlẹ̀, ojú wo ló máa fi wọlé lálẹ́? Kò tíì mọ èyí tó máa ṣe nígbà tó yọ sí ojúde.

Ẹ̀yìn ló rí.

Gbogbo wọn ló kọjú sógiri. Bàbá Zakariyya dúró gbọọrọ, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan amọ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ ká ìborùn bojú.  Bí àgbà bá kọ̀yìn síni, ṣé kékeré lọ̀rọ̀ náà ni?

Ohùn Alhaja ló bú jáde lára ògiri: "Kò sẹ́ni tó rí ọ! Ta lo fẹ́ kí? Ṣé ìpàkọ́ lo máa kúnlẹ̀ fún? Sáré, ìwọ ọmọ yìí!"

"Ṣé ó ti kọjá?" ni Bàbá Zakariyya ń bi ògiri. "Ọrùn ń dùn mí."

"Ẹ má wẹ̀yìn, Bàbá! Tẹ́ ẹ bá wẹ̀yìn, ó di kíkí!"

Muslimat ń yọjú lábẹ́ apá: "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀! Ó kọjá!" Àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú ọ̀nà rí i, àwọn náà fò yí padà lórí máṣíìnì wọn, wọ́n kọ̀yìn sí i gbágáún.

Ẹ̀rín pa Hikmat. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó parí ìyípo, ìsàlẹ̀ òkè ló ti bá Ọmọ́tọ́lá. Wọ́n jọ gùn ún, èjìká sí èjìká. Ishaq àti Mojísọ́lá ń pariwo lókè, Ishaq ti bọ́ fìlà mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Hikmat na ọwọ́, ọwọ́ tó ń ti aṣọ sínú máṣíìnì lójoojúmọ́, òun ló kọ́kọ́ kan okùn.

Mojísọ́lá gbé e sókè, àwọn méjèèjì ṣubú. Ọmọ́tọ́lá náà nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń mí helehele.

"Irọ́ ni o! Ẹ bá mi wá ọkọ kan ní Ọjà'ba. Ilé tí wọ́n ti ń kọjú sógiri ni kẹ́ ẹ wò fún mi."

Tàwọn tòun ni wọ́n jọ gbé kọ́ọ̀pù sọ̀ kalẹ̀ wá sílé Sàláúdéènì. Hikmat kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, ó dúró gbọ́ àdúà Ìyá Àṣàkẹ́ títí dé àmín. Ishaq dọ̀bálẹ̀. Ọmọ́tọ́lá ará Yemetu náà kúnlẹ̀. Alhaja Kúbúrá gba kọ́ọ̀pù, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó ní kí Muslimat bu omi sí i, ó kọ́kọ́ gbé e fún ìyàwó rẹ̀ mu.

Bàbá Zakariyya ń fọwọ́ ra ọrùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n kó tó di àmọ́dún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kun ògiri yẹn. Mo ti wò ó, kò wuyì rárá."