Ẹ̀rọ Wúrà Adékànmí

Ọkọ ọmọ mi, Adékànmí, ní ẹ̀rọ omi kan nínú kíṣìnnì tó máa ń fọ̀ ju eyín ara rẹ̀ lọ. Mi ò ṣe àsọdùn. Ọṣẹ ìfọyín gan-an ló fi ń fọ̀ ọ́. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní Warehouse Road, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, á fún ọṣẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì, á fọ ẹ̀rọ náà láti ìdí dé ẹnu, á wá fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún títí á fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ojú tó ń rí náà sì máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn púpọ̀.

Inú kọ̀ǹténà kan ló ti wá. Adékànmí ní ará Ítálì ni, pé wúrà ni wọ́n fi bò ó. Ó gbé e wá sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n háyà ní Amúkòkò, níbi tí ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí bí èèpo iṣu, ó ní kí púlọ́ńbà bá òun dè é mọ́ síǹkì. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Omi àdúgbò yẹn máa ń kọ́kọ́ pọ́n bí ìpẹtà kó tó mọ́, ó ní á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀gá òun tó wá rí i níbi ìsọmọlórúkọ. Ló bá ti fáàfù abẹ́ síǹkì pa. Ẹ̀rọ tí omi kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde, òun ni wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ò rí afínjú.

Èmi wá láti Malu Road láti máa wẹ ọmọ tuntun fún Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, bí ìyá ìyàwó ti í ṣe. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún tọkọtaya pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Mo bi Adékànmí léèrè ibi tí omi ìwẹ̀ ọmọ á ti máa wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á máa pọn ọ́n láti ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kí òun tó jáde. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì sì máa ń kún, n kò tún bi í mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo ti ọjà dé, Nkechi tó ń gbé nísàlẹ̀ fà mí láṣọ.

"Mama, no vex o. Any time you waka go market, na your pikin dey carry that water. Person wey dem just cut belle."

Mo sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àárín rẹ̀ ni mo ti bá Ṣìkẹ́mi tó jókòó, bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn mú. Mo mú un wọlé, mo ṣí aṣọ rẹ̀ wò. Ojú ọgbẹ́ náà ti ń sun omi. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ tí ọkọ òun ń fọ̀ láàárọ̀ kì í jẹ́ kó ráyè pọnmi, òun ò sì sọ ọ́ kí n má bàa bá a jà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àmọ́ ẹ̀rín ò wá. Mo padà lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà gòkè fúnra mi.

Nígbà tí Adékànmí dé, mo bá a sọ ọ́. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ ṣe sùúrù, ìsọmọlórúkọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bó ṣe jáde lọ́jọ́ kejì, mo ṣí fáàfù. Ará Ítálì wúkọ́, ó wá ń kán tó, tó. Mo tú ẹnu rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín ọjọ́ pípẹ́ ti gan mọ́ inú rẹ̀, ó ti dí ojú asẹ́ rẹ̀ pátápátá. Adékànmí fọ ẹ̀rọ títí ẹ̀rọ fi dí. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo mú kànrìnkàn, mo ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹnu rẹ̀ là, omi sì ń dà wàà. Wúrà náà bá kànrìnkàn lọ. Ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ rí bí abọ́ òjé tí wọ́n ti ń lò látìgbà tí aláyé ti dáyé.

Nígbà tí ọkọ ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́, kò béèrè ìyàwó, kò béèrè ọmọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú síǹkì, ó mú aṣọ rẹ̀, ó ń nu òjé. Kò lè jágbe mọ́ èmi ìyá ìyàwó rẹ̀, ló bá kọjú sí Ṣìkẹ́mi tó gbé ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O wà nílé, o ń wo màmá rẹ tí wọ́n fi bó o? Kí ni kí n sọ fún ọ̀gá mi?"

Ṣìkẹ́mi, tí kì í dá ọkọ rẹ̀ lóhùn, gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn," ó ní. "Tí wọ́n bá dé, èmi fúnra mi ni màá mú wọn wọ kíṣìnnì, màá fi ẹ̀rọ yín hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, màá ká aṣọ mi sókè, kí wọ́n wo ohun tí ẹ fi rà á."

Adékànmí ṣì kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó sún, ó sún. Ṣìkẹ́mi ṣí ẹ̀rọ náà, ó dúró tì í, ó ń dúró kí omi pupa náà dà tán kí èyí tó mọ́ lè dé.