Ẹnu Àdìgún

Bí Ṣùkúrù ṣe tú ìdérí rẹ̀, kéègì náà mí fúù, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà: Ṣùkúrù fúnra rẹ̀, Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀, àti Nọ́ọ̀sì Florence, tí ìjọ rẹ̀ fẹ́ fi oje àjàrà inú kéègì náà ṣe Oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ kejì.

"Ṣé bó ṣe máa ń mí nìyẹn?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ooru ni," ni Ṣùkúrù wí, ṣùgbọ́n kò dá òun gan-an lójú.

Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e sí imú. Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà gbóòórùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó ki imú bọ inú ife náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó dá a padà. Kò sí ẹni tí ó tọ́ ọ wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú gan-an nìyẹn, torí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ọtí kan ahọ́n rẹ̀ rí láyé. Ilé lèmọ́mù ni wọ́n bí Ṣùkúrù sí. Motúnráyọ̀ kì í mu ju omi àti ṣóbò lọ. Bàbá Nọ́ọ̀sì sì jẹ́ díákónì tí ó máa ń da ọtí ọlọ́tí nù bí ó bá bá a nílé àna. Èèyàn rere ni wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì wúlò rárá fún ohun tí ó wà níwájú wọn yìí.

"Ó ń ta mí nímú díẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Bàbá Gbémisọ́lá, ẹ má bínú o. Ìjọ wa kì í lo wáìnì. Bí ó bá ti fi díẹ̀ kan, n ò lè gbé e síwájú àwọn èèyàn."

"Èmi náà ò lè gbé e síwájú Ọlọ́run mi," Ṣùkúrù dá a lóhùn.

Wọ́n fi àdéhùn sí ìrọ̀lẹ́. Bí oje náà bá dára, Nọ́ọ̀sì yóò wá gbé e. Bí kò bá dára, wọn yóò lọ ra ti inú páálí ní Ṣakí bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ọdún kẹrin rèé tí Ṣùkúrù àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ oko iṣu wọn ní Ògbooro. Gbémisọ́lá ọmọ wọn, tí ó wà nílé ọkọ ní Ṣakí, ló mú irúgbìn rẹ̀ wá. Nígbà tí Ṣùkúrù ń ri òpó mọ́lẹ̀ tí ó sì ń ta wáyà sí i lórí, àwọn ará oko bi í bóyá ó fẹ́ máa sá aṣọ síbẹ̀ ni. Wọ́n ti ń fún oje máńgòrò, gúáfà àti ọ̀pẹ òyìnbó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní wàhálà: òní ni wọ́n ń fún un, òní náà ni àwọn èèyàn ń mu ún tán ní gáréèjì. Àjàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n rò lọ, wọ́n sì ní láti tọ́jú rẹ̀ di Sọ́ńdè. Wọ́n sè é, wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, wọ́n rọ ọ́ sínú kéègì bíi mélòó kan. Ṣùkúrù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra kéègì tuntun, kí ó má baà jẹ́ pé èyí tí ẹmu ti wọ̀ rí ni wọn yóò lò.

Nítorí pé nígbà tí àwọn kan sọ fún un ní mọ́sáláṣí pé àjàrà ni òyìnbó fi ń ṣe ọtí, ó ti búra lójú gbogbo wọn pé bí ọtí bá ti ilẹ̀ òun jáde, kí wọ́n má pe òun ní ọmọ bàbá òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju ìbúra lọ. Ó kan Àdìgún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, níbi fídáù ìyá wọn, Àdìgún ti mutí yó wá. Ó ta gìẹ́gìẹ́ wọ àárín àwọn àlùfáà, ó ṣubú lu oúnjẹ, ó sì sùn síbẹ̀. Ojú ti Ṣùkúrù dé ibi pé ó gbàgbé ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó jí i, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ gbé ẹnu yín kúrò nílé mi. Ẹ má tún gbé ẹnu ọlọ́tí yẹn wọ ibí mọ́." Àdìgún mú fìlà rẹ̀, ó lọ sí Ìgbòho, ibi tí ó ń gbé. Kò padà wá mọ́.

Ẹnu yẹn gan-an ni Ṣùkúrù nílò báyìí. Kò lè gbé ife oje lọ bá àwọn ọ̀mùtí Ògbooro. Kí wọ́n tó kírun Áṣárì, gbogbo ìlú yóò ti máa pariwo pé ẹni tó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ọtí ti ń pọn ọtí. Àdìgún kò ní tú u síta. Bó ti wù kó rí, ọmọ ìyá ni.

Ó gun máṣíìnì rẹ̀, ó kọrí sí Ìgbòho.

Ó bá Àdìgún lábẹ́ igi níwájú ilé, ó ń yìn àgbàdo. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó sì ti rù. Ṣùkúrù sọ nínú ara rẹ̀ pé ọtí ti mu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

Àdìgún gbójú sókè. "Ṣùkúrù. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu yín ni mo wá yá."

Ó ṣàlàyé. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ Àdìgún dúró lórí ṣúkù àgbàdo. Ìyá Débọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ti jáde láti ibi ìdáná, ó dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Bàbá Débọ́lá, ẹ má lọ," ni ó wí.

"Mo gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ." Ó yíjú sí Ṣùkúrù. "Ṣé kò sí ẹlòmíì tó ń mutí ní gbogbo Ògbooro ni?"

Ṣùkúrù gbà pé ọ̀rọ̀ fídáù ọjọ́ náà ló ṣì ń dùn ún. Àdìgún gbọn ìyàngbò kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde.

"Ọdún mẹ́jọ, Ìyá Débọ́lá. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kí n wá ní rárá?"

Ó mú fìlà rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn máṣíìnì. Nígbà tí wọ́n kọjá oríta tó wà lẹ́yìn ìlú Ìgbòho, níbi tí àwọn ẹlẹ́mu ń tajà sí lábẹ́ igi igbá ńlá kan, Ṣùkúrù rí i nínú dígí pé Àdìgún fa fìlà bojú. Ó rò pé bóyá kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ọtí rí i pẹ̀lú ẹni tí kì í mutí ni.

Kéègì mẹ́rin ni Ṣùkúrù tò sílẹ̀ ní yàrá ìkẹ́rùsí. Àdìgún kò jókòó. Nígbà tí ife dé ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìwọra, ni Ṣùkúrù wí nínú ọkàn rẹ̀. Àdìgún tọ́ ọ wò, ó dijú, ó tu ú sílẹ̀.

"Ó ti di ọtí."

Ṣùkúrù sún mọ́ ọn. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣùkúrù, ó ti di ọtí."

"Ẹ bá mi wo ìkejì."

"Ibì kan náà lo gbé wọn sí. Bí ọ̀kan bá ti lọ, ìyókù náà ti lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Kò ju kí ẹ fi ahọ́n kàn án lọ. Kí ni yóò ṣe yín?"

Àdìgún tọ́ ìkejì wò, ó tu ú. Ó tọ́ ẹ̀kẹta wò, ìyẹn pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tu ú. Ẹ̀kẹrin ló pẹ́ jù. Ó mú un sẹ́nu, ó dúró gbagidi, gògóńgò rẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan, Ṣùkúrù sì rò pé ó ti gbé e mì. Àdìgún sáré yọjú sí fèrèsé, ó tu gbogbo rẹ̀ síta.

"Ta ló ń ṣí wọn?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Èmi ni. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni mo ń ṣí wọn, kí n lè tètè mọ̀ bí ó bá ń kan."

"Ṣíṣí tí ò ń ṣí wọn ló jẹ́ kí wọ́n kan. Atẹ́gùn lo ń fún un. Ohun tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti dé, ṣe lẹ máa ń fi í sílẹ̀."

Ṣùkúrù jókòó lórí àpò. Gbogbo iṣẹ́ àjàrà ọdún yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Motúnráyọ̀ dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé kéègì karùn-ún jáde. Ó fi aṣọ tútù wé e. Àdìgún ló dojú kọ, kò wo ọkọ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí a rọ oje ni mo gbé e pamọ́ fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà mọ àbúrò yín. Mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí ó sinmi."

Ìdérí èyí kò mí rárá. Àdìgún tọ́ ọ wò, ó sì gbé e mì. Ojú rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Èso nìyí. Ẹ gbé e fún àwọn onígbàgbọ́ yín."

Ṣùkúrù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yin Ọlọ́run. Kéègì kan tó Nọ́ọ̀sì lò, kò sì sí ọtí kankan tí yóò fi orúkọ òun jáde. Ayọ̀ náà pọ̀ dé ibi pé ó pẹ́ kí ó tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun kò sí nínú ilé mọ́.

Ó bá a lẹ́yìnkùlé, nídìí ìkòkò omi. Ó ń yọ ẹnu. Ó bu omi sẹ́nu, ó tu ú, ó tún bù ú, ó tún tu ú. Nígbà tí ó ṣe, ó fa fóònù yọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé.

"Ìyá Débọ́lá," ni Ṣùkúrù gbọ́. "Mo ti tọ́ ọ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin… Rárá, n ò gbé e mì. Ó kù díẹ̀… Gbọ́, wá mú mi. Má jẹ́ kí n dá oríta yẹn kọjá lónìí."

Gbogbo ohun tí Ṣùkúrù ti rí láti àárọ̀ padà wá bá a, wọn kò sì rí bí ó ti rí wọn mọ́: ara tó rù, obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, fìlà tó bo ojú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ọtí sílẹ̀. Òun kò mọ̀, torí òun kò béèrè rí. Kí ọtí má baà kan ẹnu tirẹ̀, ó ti gbé e sẹ́nu ẹni tí ó ń bá a jà lójoojúmọ́, ó sì tún bi í pé kí ni yóò ṣe é.

"Láti ìgbà wo, ẹ̀gbọ́n?"

Àdìgún yíjú. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ọdún kẹta rèé."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ní kí n gbé ẹnu mi kúrò nílé rẹ, Ṣùkúrù. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

Ṣùkúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí omi ẹnu yíyọ ti rin. Ó ń sunkún. Àdìgún dúró lé e lórí títí, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"Dìde. Lọ da ìyókù yẹn nù. Dà á sí ọ̀nà jíjìn, kí n má gbóòórùn rẹ̀."

Ṣùkúrù àti Motúnráyọ̀ gbé kéègì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá gbogbo àjàrà, kọjá oko iṣu, wọ́n dà wọ́n sínú kòtò odò tó ti gbẹ. Kò dùn ún bí ó ti rò pé yóò dùn ún. Nígbà tí ó padà, ó ní kí Motúnráyọ̀ gbé kéègì karùn-ún fún Nọ́ọ̀sì bí ó bá dé, ó sì fa máṣíìnì rẹ̀ jáde.

"Ẹ pe Ìyá Débọ́lá padà, kí wọ́n má wulẹ̀ dáwọ́lé ọ̀nà. Èmi ni n ó gbé yín kọjá."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sún mọ́ oríta náà. Àwọn èèyàn ti pé sábẹ́ igi igbá, ẹ̀rín wọn ń dún títí dé ojú ọ̀nà, òórùn ẹmu sì ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹnì kan dìde pẹ̀lú igbá lọ́wọ́.

"Bàbá Débọ́lá! Àbí ojú mi ni? Ẹ yà síbí, ẹ ẹ̀ ṣèèyàn o! Ìjókòó yín ṣì wà níbí o!"

Ṣùkúrù kò yà, kò sì sáré. Ó rí i pé ọwọ́ méjì ti ẹ̀yìn wá, wọ́n yí òun ní ìbàdí ká, wọ́n di aṣọ òun mú ṣinṣin bí ọmọdé. Ó rántí pé nígbà èwe wọn, òun ló máa ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí Àdìgún ń gùn lọ sóko, òun náà sì máa ń di aṣọ ẹ̀gbọ́n òun mú báyìí bí wọ́n bá ń kọjá níbi tí ajá wà.

Wọ́n kọjá igi igbá. Wọ́n kọjá ilé alágbẹ̀dẹ. Òórùn náà tán nínú afẹ́fẹ́, ariwo náà kò dún mọ́, ọwọ́ méjèèjì kò sì tú. Ṣùkúrù wo dígí: Àdìgún ti fa fìlà bo ojú dé imú, kò mọ̀ pé wọ́n ti kọjá.

Òun náà kò sọ fún un.